Ọ̀yàyà: Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kan àti Ojúṣe Awo sí Àlejò

     



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú palẹ̀ níwájú yín ní ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀yàyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ ọ mọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tó ń gba àlejò dáadáa, wọn a ní ó láájò, tàbí pé ó mọ ènìyàn tọ́jú. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dí àyè ọ̀yàyà nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń sá kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù kí ìwà tí ọ̀rọ̀ náà ń dárúkọ má lọ sá kúrò lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwa awo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ní àkókò tí àlejò ń wọ ilé wa láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé.

Kí ni ọ̀yàyà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. A máa ń sọ pé ènìyàn ní ọ̀yàyà, tàbí pé ọlọ́yàyà ni. A sì máa ń sọ pé wọ́n gba àlejò tọ̀yàyàtọ̀yàyà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé wọ́n ṣe nǹkan tọkàntọkàn. Nǹkan méjì ni ìlò yìí ń fi yé wa.

Èkíní ni pé ọ̀yàyà kò lè wà láìsí ẹlòmíràn. Ènìyàn lè dá wà nínú yàrá rẹ̀ kí inú rẹ̀ máa dùn. Ayọ̀ ni ìyẹn. Ó lè rántí ọ̀rọ̀ àná kí ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n a kì í ní ọ̀yàyà sí ara ẹni. Ojú ẹlòmíràn ni ọ̀yàyà ń wò. Èkejì ni pé ọ̀yàyà máa ń ṣíwájú ohun tí a ó fún àlejò. Iṣu lè má tíì jinná, ẹní lè má tíì délẹ̀, ọ̀yàyà á ti hàn lójú onílé kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ohunkóhun.

Nítorí náà ni ọ̀yàyà fi yàtọ̀ sí aájò. Aájò ni làálàá tí a ń ṣe lórí ẹni: oúnjẹ tí a sè, ewé tí a já, ọ̀nà tí a bá a wá. Ó yàtọ̀ sí àpọ́nlé, nítorí àpọ́nlé a máa wo ipò. Bí a ṣe ń pọ́n ọba lé kọ́ ni a ṣe ń pọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ lé. Ó sì yàtọ̀ sí ẹ̀rín ọlọ́jà, èyí tí ó máa ń tán lójú bí oníbàárà bá ti kọjá láìra nǹkan. Bí a bá fẹ́ fi gbólóhùn kan túmọ̀ rẹ̀, a ó ní: ọ̀yàyà ni inú dídùn tí onílé fi hàn sí ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ wá, kí ó tó mọ ohun tí ẹni náà mú wá àti ohun tí yóò bèèrè. Orí ìparí gbólóhùn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dúró lé: kí ó tó mọ̀.

Láti àjèjì di àlejò

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Àjèjì ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Èrò ni ẹni tó ń kọjá lọ, tó lè sùn mọ́jú kí ó tó tẹ̀ síwájú. Àtìpó ni ẹni tó ti fìdí kalẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń bímọ, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ náà kì í ṣe ti baba rẹ̀. Ní ti àlejò, òun ni ẹni tó ní onílé. Níbi tí kò bá ti sí onílé tó gbani, a lè rí àjèjì, a lè rí èrò, ṣùgbọ́n a kò lè rí àlejò ní ìtumọ̀ rẹ̀ tó kún.

Ẹ wá wo bí ẹni kan náà ṣe ń yí padà. Àjèjì ni nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ti ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà," tí a gbé àga fún un, tí a sì bu omi tútù fún un, ó ti di àlejò. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, aṣọ rẹ̀ kò yí padà, èdè rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀dọ̀ onílé ni ohun tó sọ ọ́ di àlejò ti wá.

Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi máa ń jẹ́ kí omi ṣíwájú ìbéèrè. Òùngbẹ ń gbẹ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ìbéèrè lè dúró. Bí ó bá sì bá wa nídìí oúnjẹ, a ó ní kí ó wá bá wa jẹ ẹ́. Bí kò bá fẹ́ jẹ, yóò ní kí ó gba ibi ire lọ. Àwọn àgbà tún ní, ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Àwọn kan ń fi òwe yìí bá aláṣehàn wí, wọ́n sì rí i sọ. Ṣùgbọ́n ó ní ojú kejì. Onílé mọ̀ pé àlejò gbígbà ń náni ní nǹkan. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìnira náà hàn lójú òun níwọ̀n ìgbà tí àlejò ṣì jókòó. Ìpamọ́ra yẹn wà nínú ọ̀yàyà.

Ọ̀yàyà nínú ìlànà Ifá

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé ara wa. Gbogbo wa ni a mọ bí ẹni tó wá dá Ifá ṣe ń ṣe. Kì í sọ ohun tó bá wá fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀ níwájú Ifá. Babaláwo kò gbọ́ ohun tó sọ. Ifá ni yóò fọhùn.

A máa ń sọ pé ìlànà yìí ni a fi ń mọ̀ pé Ifá ni ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ rí ẹ̀kọ́ mìíràn nínú rẹ̀. Ìlànà yìí sọ ọ́ di dandan fún babaláwo láti gba ènìyàn kí ó tó mọ ohun tó gbé e wá. Ìbáà ṣe ọmọ ọba, ìbáà ṣe ẹni tí gbèsè ń lépa, ìbáà ṣe obìnrin tó ń wá ọmọ, ìbáà ṣe ẹni tó hùwà ibi tí ẹ̀rù sì ń bà á, ẹní kan náà ni wọn yóò jókòó lé, ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan náà ni a ó fì fún wọn. A kò lè ṣa èyí tí a fẹ́, nítorí pé a kò tíì mọ̀. Ọ̀yàyà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a wá fi kún dídá Ifá. Inú ètò dídá Ifá gan-an ni ó wà.

Ẹ tún wo bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń lọ. A ó dárúkọ awo tó dá Ifá, a ó dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, a ó sì sọ ohun tó ń dun ẹni náà. Ta ni àwọn tí wọ́n dá Ifá fún? Ọba wà nínú wọn, ìwọ̀fà wà nínú wọn, àgàn wà nínú wọn, ẹranko igbó, ẹyẹ oko àti igi wà nínú wọn. Kò sí ibi tí Ifá ti ní kí a lé ẹnìkan padà nítorí pé kì í ṣe ẹni wa. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ ni ó sì ń sọ nípa awo tó ṣí kúrò nílé, tó ń ṣawo lọ sí ìlú onílùú. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Oríkì rẹ̀ so mọ́ Òkè Ìgẹ̀tí, ó sì tún so mọ́ Adó. Ẹni tí baba rẹ̀ ti jẹ́ àlejò lọ́pọ̀ ìgbà báyìí kò gbọdọ̀ fi ojú burúkú wo àlejò.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí a ń gbé Èṣù sí. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé e sí. Kí àlejò tó rí wa, ó ti kọjá níwájú Èṣù. Ẹni tó ń ròyìn ẹbọ fún Olódùmarè ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ sí bí a ṣe gba àlejò.

Èso ọ̀yàyà

Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ni èrè gbígba ẹni tí a kò mọ̀, a ó tọ́ka sí àwọn tí ìtàn wọn hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ní ọdún 1950, obìnrin kan tí a bí ní Graz, ní ilẹ̀ Austria, ní 1915, dé sí Nàìjíríà. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Àjàgemọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, gbà á sọ́dọ̀, ó sì mú un wọ inú ìsìn òrìṣà. Nígbà tó yá, Òṣogbo di ilé rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Àdùnní Olóòrìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ni wọ́n tún àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun kọ́, nígbà tí àwọn kan ti ń fẹ́ gé igbó náà jẹ. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2009 ni Àdùnní kú ní Òṣogbo. Àjàgemọ kò lè mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ tó gba obìnrin náà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Paris ní 1902. Àwọn awo ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní, tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ nípa ewé lẹ́sẹ̀ àwọn babaláwo. Ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú, ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní Bràsíìlì, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí ì bá bá àwọn àgbà lọ sì wà níbẹ̀ fún ọmọ ọmọ wọn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó kan wá jù. Ní 1928, a bí ọmọkùnrin kan ní Detroit, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ìran àwọn tí a kó lẹ́rú. Nígbà tó dàgbà, ó rìnrìn-àjò lọ sí Matanzas ní Kúbà ní 1959, wọ́n sì mú un wọ inú ìsìn Ọbàtálá níbẹ̀. Ní 1970 ó tẹ ìlú Ọ̀yọ́túnjí dó sí South Carolina. Ní 1972 ó dé Abẹ́òkúta, àwọn awo ibẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ nífá. Ọba Adéfúnmi Kìn-ín-ní ni à ń wí. Ẹ rántí bí Abẹ́òkúta ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé baba wọn ni Ṣódẹkẹ́ kó jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Àwọn Òwu tí ìlú wọn ti fọ́ sì wá bá wọn níbẹ̀ ní 1834. Ìlú tí àwọn tí ogun lé tẹ̀dó ni ó wá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ àwọn tí a kó lọ sí òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ tó padà wá láti Kúbà

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Kúbà tí a fẹ́ kí gbogbo yín gbé lé ọkàn. Àwọn baba ńlá wa tí a kó lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké pàdánù ilé, orúkọ àti ẹbí. Títí di 1886 ni oko ẹrú fi wà níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò pàdánù òrìṣà, wọn kò sì pàdánù gbogbo èdè. Títí di òní, bí ẹnìkan bá ń wá sí ilé òrìṣà ní Kúbà, tí wọn kò sì tíì ṣe ètùtù ìwọlé fún un, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni aleyo. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ ọ́n. Àlejò ni.

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè pe ẹni náà ní àjèjì, wọ́n lè pè é ní ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀rọ̀ tó ní onílé nínú ni wọ́n yàn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kí káàbọ̀ nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, tí a tà lójà bí ẹran, ni wọ́n pa ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ mọ́ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà òrìṣà. Ní báyìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń bọ̀ nílé. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà wa, ṣé a ó bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wa?

Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí

A kò béèrè lásán. Ẹjọ́ ń dé etí àwọn àgbà. Àlejò kan á ti Bràsíìlì, Kúbà tàbí Amẹ́ríkà wá fún ìtẹ̀fá. Láti pápákọ̀ òfurufú ni àwọn kan á ti máa ka owó sí i lọ́rùn. Iye tí wọ́n sọ lánàá á yàtọ̀ sí ti òní, ti òní á sì yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Wọn á sáré wọ igbódù, wọn á sáré jáde, wọn kò ní dúró ṣe ìta àti ìje bó ti yẹ. Àlejò náà á padà sílé rẹ̀ láìmọ Odù tó jáde fún un, láìmọ èèwọ̀ rẹ̀, láìní ẹni tí yóò bi. Ní àdúgbò kan náà, tálákà tó fẹ́ dá Ifá lórí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn á gbọ́ pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé àwọn olówó dọ́là wà nínú ilé.

Ẹnìkan lè rò pé àìsàn méjì ni èyí. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n wo àpò àlejò àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé ó kún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo àpò ẹnìkejì, wọ́n rí i pé ó ṣófo, wọ́n sì lejú. Wọn kò fi ọ̀yàyà gba èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó gbà. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti yí ìlànà Ifá po. Ifá ní kí owó gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò kí babaláwo má gbọ́. Òun fẹ́ kí owó sọ̀rọ̀ kí àlejò dákẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé àlejò mìíràn kò ṣeé gbà: ó lè wá ya àwòrán awo, kí ó lọ tà á, ó lè kọ́ díẹ̀, kí ó dé ilé kí ó máa pe ara rẹ̀ ní Àràbà. Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀yàyà kì í ṣe àìgbọ́n. Ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní ìyẹ̀wù. Ẹni tí a fi ọ̀yàyà gbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ ìyẹ̀wù. Igbódù ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, awo sì ní ìmùlẹ̀ tirẹ̀. A ń fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ ìfọkàntán. Ọ̀yàyà ni a ń fún ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, yálà yóò tú awo síta, tàbí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni ire.

Àwọn mìíràn lè ní awo gbọ́dọ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹbọ ní ìnáwó, iṣẹ́ awo ní owó ọ̀yà, ọmọ awo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí a sọ kedere, tí kò yí padà nítorí awọ ara tàbí ohùn ẹnu, kò ba ọ̀yàyà jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni owó tó ń pọ̀ sí i bí a ti ń rí i pé àlejò kò gbọ́ èdè.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí

Nítorí náà, a gbé nǹkan mẹ́rin kalẹ̀ fún gbogbo ilé awo.

Èkíní: kí omi, ìjókòó àti ìkíni máa ṣíwájú ìbéèrè ní ilé wa, fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé.

Èkejì: kí a sọ gbogbo ìnáwó ìtẹ̀fá àti ẹbọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí, kí a má sì fi kún un lẹ́yìn náà.

Ẹ̀kẹta: kí a wá ògbufọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kí a sì kọ orúkọ Odù rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀ àti ohun tí Ifá ní kí ó máa ṣe sínú ìwé fún un, kí ó tó fi ilé wa sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí a má jẹ́ kí àlejò òkèèrè sọ ará àdúgbò di àjèjì. Àwọn aládùúgbò wa tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, àwọn mìíràn sì ń wá ní òru kí ojú má bàa rí wọn. Kí a má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì ròyìn wọn. Ọ̀yàyà òru kò gbọdọ̀ kéré sí ti ọ̀sán.

Ní 2005 kan náà tí wọ́n kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ọgbọ́n ńlá tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu pa mọ́. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè gbé àga fún àlejò, kò sì lè bu omi fún un. Ẹni tó bá ti òkèèrè gbọ́ ìkéde náà yóò wá sí ẹnu ọ̀nà ẹnìkan nínú wa, ojú tó bá pàdé níbẹ̀ ni yóò sì máa pè ní Ifá títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ilé wa ṣófo fún àlejò ire. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a ṣìnà dé ilé tí a ti máa lé wa padà. Kí Èṣù jẹ́rìí wa sí rere lẹ́nu ọ̀nà. Bí a ti pé jọ lọ́dún yìí, kí a tún pé jọ lẹ́ẹ̀mí-ìn, kí a má dín, kí àlejò tuntun sì wà láàrin wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọyè bọ ṣíṣẹ.